Ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí mo bá wọ ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù kan láti wò ó bóyá ó bá ìlànà ìlera àti ààbò òṣìṣẹ́ mu, ìwé ni àwọn tó ni ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn mí. Wọ́n á gbé fáìlì jáde: ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn panápaná, ìwé pé òṣìṣẹ́ méjì ti lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti ìwé ìlànà ààbò kan tí wọ́n dà kọ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó fi jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ṣì wà ní ojú ewé kẹta. Mo máa ń gba ìwé náà, mo sì máa ń kà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wá wò. Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé níbo ni onítọ̀hún wà ní báyìí tí a jọ ń sọ̀rọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù olè ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì tí mò ń wò ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Kí ènìyàn tó ra àga àti tábìlì ni ó ti ránṣẹ́ sí wẹ́dà kí ó wá fi irin dí ojú fèrèsé. Lẹ́yìn irin fèrèsé ni ilẹ̀kùn irin, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin ni àgádágodo, lẹ́yìn àgádágodo ni máígàdì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, nítorí olè kì í ṣe àròsọ ní ìlú wa, ẹni tí wọ́n bá sì ti kó lọ́jà rí lóru kò nílò kí wolé-wolé kan wá kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ kí ó bà á lẹ́rù. Àmọ́ irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé náà ni kò ní jẹ́ kí òṣìṣẹ́ jáde. Olè lè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá, iná náà sì lè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gbogbo owó tí a ná, olè nìkan ni a ná an dè.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Odogunyan, ní Ìkòròdú, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, nígbà tí iná jó ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ òru wà nínú ilé, ilẹ̀kùn wà ní títì mọ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kú síbẹ̀. Ní ìlú New York, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, òṣìṣẹ́ 146 ló bá iná lọ ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà sá jáde wà ní títì, wọ́n sì máa ń tì í nítorí pé àwọn ọ̀gá kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ jí nǹkan gbé jáde. Ọdún 91 ló wà láàárín méjèèjì, òkun ńlá sì wà láàárín ìlú méjèèjì, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan náà ni.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé fakitírì ni ibi méjèèjì, pé kì í ṣe ibi tí akọ̀wé ti ń tẹ kọ̀ǹpútà tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Bí òfin wa náà ṣe rò ó nìyẹn. Òfin Factories Act ti ọdún 1987 dá lé ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe nǹkan jáde, tún nǹkan ṣe, fọ nǹkan, tàbí palẹ̀ nǹkan mọ́ fún títà. Ohun tó sọ nípa ìmọ́tótó, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà àbájáde nígbà iná dára, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé nísàlẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn sì gba òkè fún iṣẹ́ akáǹtáǹtì. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lábẹ́ òfin náà. Yóò ṣòro láti tọ́ka sí ibi tí òfin náà ti ranti akáǹtáǹtì tí yóò fa èéfín kan náà símú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti jogún irú òfin yìí ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún kẹta tí àwa ti gba òmìnira, ti wọn kò sì kàn wá mọ́. Ní ọdún 1974 wọ́n tún ṣe òmíràn tó kó gbogbo ibi iṣẹ́ pọ̀ sábẹ́ orùlé kan. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2011 tó dá Lagos State Safety Commission sílẹ̀, iṣẹ́ àjọ náà kò sì mọ sí fakitírì. Àmọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kó ààbò òṣìṣẹ́ sínú àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ẹ sì lè rí ibi tí àríyànjiyàn lè gbà wọlé. Àwọn amòfin ni mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Ohun tó kàn mí ni pé ẹni tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ kò rí àjọ kankan bí irú ti Èkó, bẹ́ẹ̀ sì ni iná kò béèrè ìpínlẹ̀ tí a wà kó tó jó.

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, àwọn onílé, àti àwọn ọ̀gá tí oníbàárà wọn láti òkè òkun ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí ààbò ni wọ́n ń gbà mí síṣẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́ òfin ọdún 1974 lè wọ ibi iṣẹ́ láìránṣẹ́ ṣáájú, ó sì lè kọ ìwé tó máa dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ bí ó bá rí i pé ewu ńlá wà níbẹ̀. Agbára bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ni mo ní, ẹni tí mo bá sì bí nínú lè ní kí n máa bá ọ̀nà mi lọ. Nítorí náà ni mo fi máa ń sapá kí ẹni tó ni ibẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ewu náà kí n tó kúrò, nítorí ohun tí mo bá kọ sínú ìwé nìkan, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò gbé.

Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan wà ní Ìbàdàn tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọjà wà nísàlẹ̀, ọjà wà lókè, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sì so méjèèjì pọ̀. Wọ́n ti to léèsì àti àǹkárá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì àtẹ̀gùn náà débi pé ẹni tó bá ń gòkè ní láti fi ẹ̀gbẹ́ gbà, bí ẹlòmíràn bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò padà sẹ́yìn. Ní ẹnu ọ̀nà iwájú ni jẹnẹrétọ̀ wà. Wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ irin ilẹ̀kùn kí olè má baà gbé e, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá dí lẹ́nu nítorí pé ìdérí rẹ̀ ti sọnù. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà lókè léèrè pé, "Àbúrò mi, bí iná bá ṣẹ́ yọ nísàlẹ̀ báyìí, ibo lo máa gbà jáde?"

Ó ní, "Ibi tí ẹ gbà wọlé náà ni, sà."

"Jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀ un, pẹ̀lú epo."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà wà, sà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì í ni."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì Alhaja."

"Alhaja dà?"

"Wọ́n ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ àwọn á dé."

Nígbà tí èmi àti Alhaja fúnra wọn jọ jókòó lọ́jọ́ kejì, wọn kò bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ iná rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tó o wí ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ lo máa san owó léèsì mi tí wọ́n bá gba ẹ̀yìn kó o lọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ṣé olè ìta lẹ̀ ń sọ ni, àbí ti inú ilé?" Wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀nà àtẹ̀gùn kí wọ́n tó dá mi lóhùn, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Méjèèjì."

Ìdáhùn yẹn ni òótọ́ tí ìwé ìlànà ààbò kì í sọ. Bí ó bá jẹ́ olè ìta nìkan ni a ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò le rárá. Wẹ́dà lè ṣe ọ̀pá irin kan sí inú, èyí tí ó dábùú ilẹ̀kùn, tí ẹni tó wà nínú yóò fi ọwọ́ kan gbé tàbí tì kí ó sì jáde láìwá kọ́kọ́rọ́, tí ẹni tó wà níta kò sì ní rí ibi kankan tí yóò ti mú un. Ó le fún olè ju àgádágodo lọ, nítorí àgádágodo ṣeé gé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò fẹ́ ẹ, nítorí pé ohun tí ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ láti ṣí nígbà iná rọrùn fún un láti ṣí nígbà tí ó bá fẹ́ ju aṣọ márùn-ún sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò tí kò lè bá ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, tí ó kàn ń tún un sọ pé ìlànà ni, ìlànà ni, ńṣe ni yóò máa padà wá bá àgádágodo kan náà lọ́dọọdún.

Mo sọ fún Alhaja pé kí wọ́n so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn náà, irú èyí tí ń lo bátìrì, tí yóò máa ké tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù yóò sì gbọ́. Kí n má purọ́, agogo yẹn wọ̀ wọ́n lọ́kàn ju gbogbo àlàyé tí mo ṣe nípa iná lọ. Wẹ́dà parí ọ̀pá irin náà láàárín ọ̀sán kan, jẹnẹrétọ̀ sì kúrò ní ẹnu ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nínú àgò irin tó jìnnà sí ògiri, bí ìbẹ̀rù olè ṣì ṣe fẹ́ ẹ. Ọjà orí àtẹ̀gùn nìkan ni kò tíì yanjú. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ibẹ̀ náà ló tún máa ń padà sí.

Ní ilé ìfowópamọ́, ìbẹ̀rù kan náà ló wà, gíláàsì ni wọ́n fi bò ó. Gbogbo wa la mọ àwọn ilẹ̀kùn wọn tó dà bí àpótí, tí ń gba ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí ti iwájú kò ní ṣí títí ti ẹ̀yìn yóò fi pa dé, tí ohùn obìnrin kan yóò sì máa pàṣẹ fún ọ pé kí o padà nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò rẹ. Àwọn adigunjalè ló sọ wọ́n di dandan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà láti gba inú àpótí yẹn kọjá, ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn bí iná mànàmáná kò bá lọ, tí wọn kò sì ti ara wọn lulẹ̀. Èéfín kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà ilẹ̀kùn mìíràn máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́, tí a kọ àmì àbájáde sí lórí, ibẹ̀ sì ni mo máa ń lọ tààrà. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí i fún mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, èmi yóò sì máa wo aago ọwọ́ mi. Nígbà mìíràn máígàdì yóò fa ọ̀pá kan, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Nígbà mìíràn wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan lókè, ọ̀gá náà yóò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá sì fi dé, wọ́n á rí i pé ìdajì ilẹ̀kùn náà wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé.

Èéfín ni kí ènìyàn máa rò ju ọwọ́ iná lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó (Lagos Island), ilé tó kún fún ọ́fíìsì; àwọn panápaná sọ pé yàrá invẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì gòkè bá àwọn òṣìṣẹ́ tí iná fúnra rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan fẹsẹ̀ gba ojú fèrèsé, àwọn kan kò sì yè é. Látìgbà náà, n kì í kúrò nínú ọ́fíìsì kankan láìbéèrè ibi tí bátìrì invẹ́tà wà. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe máa ń jẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tó jẹ́ pé bí ó bá gbiná, ọ̀nà àbájáde gan-an ni yóò kọ́kọ́ jó. Kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀ fún ibi. Àyè tó ṣófo ni, ó sì tutù. Bátìrì olómi máa ń tú hydrogen jáde nígbà tí iná bá ń wọ̀ ọ́, gáàsì náà sì ń fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé e lọ kí ó má baà pàdé ìtanná. Yàrá tó ní fèrèsé, tí kò sí lójú ọ̀nà àbájáde, tí kò sí páálí tàbí ìwé àtijọ́ nínú rẹ̀, ni mo máa ń ní kí wọ́n wá fún un.

Ti jẹnẹrétọ̀ tún yàtọ̀, nítorí kò nílò kí nǹkan kan jó kó tó pa ènìyàn. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ tí a ń mí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ní ọ́fíìsì kan, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé orí ta ló máa ń fọ́ bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọwọ́ tó gòkè sì pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbà pé kọ̀ǹpútà ló fà á, Panadol sì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín ilé méjì, abẹ́ fèrèsé wọn gan-an ni, fèrèsé náà sì ṣí sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìbéèrè nípa orí fífọ́ kò sí nínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò kankan tí mo tíì rí. Mo ti kọ ọ́ sínú tèmi.

Ẹ̀rọ ìpaná pupa tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni àwọn onílé-iṣẹ́ máa ń fi yangàn jù, n kì í sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo máa ń wò ó bóyá ọwọ́ gẹ́èjì rẹ̀ wà lójú àwọ̀ ewé, bóyá píìnì àti èdìdì rẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ti dì gbagidi sí ìsàlẹ̀. Ti carbon dioxide kì í ní gẹ́èjì, ó di kí a gbé e lé òṣùwọ̀n. Mo máa ń ní kí òṣìṣẹ́ tó kúrú jù lọ nínú yàrá gbé e kúrò lára ògiri. Ẹ wá wo bí a ti máa ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti ilé kan tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wà, tí onílé ní kí n wo gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ọ̀dà funfun ti ta sára ẹ̀rọ ìpaná wọn, ó ṣe bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù kejì, àtẹ́lẹwọ́ náà ti gòkè dúró dè mí. Ní ẹ̀kẹta, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gbé e kò tíì mí délẹ̀ nígbà tí mo wọlé, mo sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́.

Ìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ni èyí tí wọ́n tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí akọ̀wé ọ̀gá. Èyí tó kù fún àwọn òṣìṣẹ́ kò ní omi. Àwọn obìnrin tó ń tajà á sọ fún mi, bí a bá ku àwa nìkan, pé àwọn kì í mu omi láàárọ̀ kí àwọn má baà nílò ibẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan náà ni wọ́n ń dúró láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé ọ̀gá gbà pé ẹni tó bá jókòó, ó ń ṣọ̀lẹ ni. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1899 ni òfin ti sọ pé kí àga wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn obìnrin tó ń tajà, ẹyọ kan fún ẹni mẹ́ta. Àga onírọ́bà kò wọ́n. N kò tíì gbọ́ ìdí kan tó mọ́gbọ́n dání tí kò fi yẹ kí ó wà.

Ìwé kan ṣoṣo tí mo máa ń béèrè fún kíákíá ni èyí tí wọ́n ń kọ ìjàm̀bá sí. Ó sábà máa ń mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ọ̀gá á sì fi hàn mí pẹ̀lú ayọ̀. Ìwé tó ṣófo ní ilé-iṣẹ́ tí ogún ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta máa ń mú kí n fura. Kò sí ibi tí ẹnì kan kò ti ní yọ̀ ṣubú lórí táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, tí abẹ́ kò ní gé ẹnì kan níbi tí ó ti ń ṣí páálí, tí iná ẹ́síténṣọ̀n kò ní gbé ẹnì kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kò sọ ni, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá sọ ni wọ́n máa dá lẹ́bi, bóyá tí wọ́n á sì yọ owó oògùn lára owó oṣù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 kò yọ ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀: ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tó bá farapa yóò fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá náà yóò sì fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí mo bá sọ ọ́ fún ni yóò dáhùn pé ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Mo máa ń fi ojú ìwé òfin náà hàn wọ́n lórí fóònù mi, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ owó, ènìyàn kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Bí mo bá jókòó kọ ìjábọ̀, n kì í kọ pé "ó yẹ kí a tún ilẹ̀kùn ṣe". Ta ni "a"? Orúkọ iṣẹ́ ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe gan-an, àti ọjọ́ tí yóò fi parí ni mò ń kọ, mo sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka apá tó kàn án fún máígàdì àti agbálẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé, àwọn ni wọ́n sì ń kúrò kẹ́yìn. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ kan, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀gá kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kejì kì í ṣí tí òjò bá rọ̀ nítorí pé igi rẹ̀ ń wú. Agbálẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Fún ìbẹ̀wò kejì, n kì í lọ láàárọ̀ mọ́. Àárọ̀ ni gbogbo nǹkan máa ń wà létòlétò, ilẹ̀kùn á ṣí, ọ̀nà á mọ́. Àkókò tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́ ni mo máa ń yà síbẹ̀, ní wákàtí tí wọ́n ti fa ilẹ̀kùn irin iwájú wá sílẹ̀ dé ìdajì tàbí tí wọ́n ti tì í pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú tí wọ́n ń ka owó àti ọjà. Ní ìparí ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń ka gbogbo ọjà tó kù, wọ́n lè wà níbẹ̀ títí di aago mọ́kànlá òru, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àti ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Mo máa ń kan irin náà. Bí ẹni tó wà nínú bá bi mí pé ta ni, mo máa ń dárúkọ ara mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má wulẹ̀ ṣí ti iwájú fún mi, kí ó gba ẹ̀yìn jáde wá bá mi, èmi yóò sì yí ká lọ dúró dè é níbẹ̀.